Àárẹ̀ tí oorun kò lè wò: ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yunifásítì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Àbẹ̀ní (Àjàṣẹ́) · Ọjọ́ Ajé, 1:40 òru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, n kì í sábà kọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí mo lè dá gbé mì.

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan, ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ wà lọ́nà Kútọnu lọ́hùn-ún. Bí mo bá ní kíláàsì aago mẹ́jọ, àfi kí n ti kúrò nílé kí àwọn alákàrà ó tó dáná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ á ká mi mọ́ ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní mi lé ní 600. Orí àtẹ̀gùn ni àwọn mìíràn ń jókòó sí, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ mi àfi kí n pariwo. Kópì ìdánwò wọn wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ mi ní àpò yẹn ti gba ààyè òun. Fóònù mi ò dákẹ́: "Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ìdánwò mi ò jáde." "Màdámù, ẹ bá mi wo mémoire àṣekágbá mi." Fáìlì ìgbéga mi fún CAMES, àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì wò kí a tó gba ipò, náà wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí tó yẹ kí n ti kọ parí ṣì wà ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí nìyí. Bí mo sùn, bí n ò sùn, ọ̀kan náà ni. Mo máa ń jí bí ẹni tó kọ ebè mọ́jú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan na ọwọ́, ó béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, irú èyí tí mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí, inú sì bí mi sí i. Mo dá a lóhùn ṣókí, ó rọra jókòó. Èmi tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí látilẹ̀! Mo ṣe àyẹ̀wò ibà, wọn ò rí nǹkan. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ rí aláfàá, pé ayé ló ń ṣe mí. Ọkọ mi ní kí n gba ìsinmi. Ìsinmi wo? Ta ni yóò bá mi yẹ kópì wò?

Ẹ dákun, ẹ má kọ "ìlera lọrọ̀" fún mi. Mo ti gbọ́ ọ. Ohun tí ẹ ń ṣe gan-an ni mo fẹ́ mọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tí ara yín ṣì ń gbé e.

Ọmọ Alákétu (Kétu) · 6:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo rí aago tí ẹ fi kọ èyí. Díẹ̀ nínú ìdáhùn ti wà níbẹ̀. N ó padà wá, mò ń lọ kíláàsì.

Sùúrù Baba Ìwà (Àjàṣẹ́) · 7:02 àárọ̀

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí kò dùn. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Àwọn tó kọ́ wa, àtùpà ni wọ́n fi ń yẹ kópì wò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àfọwọ́tẹ̀ ni wọ́n fi tẹ tẹ́ẹ̀sì wọn, bí wọ́n bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, wọ́n á tún odindi ojú ewé náà tẹ̀. A ò gbọ́ kí wọ́n wá sọ fún aráyé pé ó rẹ àwọn. Ẹ ṣe sùúrù, ẹ gba ipò yín ní CAMES, ẹ ó sinmi nígbà tẹ́ ẹ bá di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Fẹ́mi Wàndó (Àjàṣẹ́) · 7:20 àárọ̀

Bàbá, ẹni tó bá lo oògùn kọjá ìwọ̀n, oògùn náà ló máa pa á.

Ìyá Àbẹ̀ní, ohun tó ń ṣe yín lórúkọ: burn-out. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 2019 pé àìsàn ni. Ẹ gba ìwé dókítà, ẹ jókòó sílé fún oṣù kan, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Nọ́ọ̀sì Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́) · 12:48 ọ̀sán

Fẹ́mi, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Lóòótọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ burn-out sínú ICD-11, ìwé tí wọ́n ń to àwọn àìsàn sí, ní 2019, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ṣùgbọ́n wọn ò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ohun tí iṣẹ́ ń fà ni, nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá ti pẹ́ lára èèyàn tí kò sì rí ojútùú. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní a ó fi mọ̀ ọ́n: kí okun èèyàn tán, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lára iṣẹ́, kó máa sá fún un tàbí kó máa fojú burúkú wò ó, kó sì máa rí i pé ohun tí òun ń ṣe ò já mọ́ nǹkan mọ́. Ìyá Àbẹ̀ní, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó na ọwọ́ yẹn, inú èkejì ló bọ́ sí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá ti sọ àárẹ̀ rẹ̀ lórúkọ kì í wá nǹkan mìíràn mọ́. Àwọn olùkọ́ máa ń wá sọ́dọ̀ wa, wọ́n á ti dá ara wọn lẹ́jọ́ kí wọ́n tó jókòó: "Nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ni." Bẹ́ẹ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kó máa rẹ obìnrin láràárọ̀, pàápàá ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà lè ṣe é. Ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, èyí tí wọ́n ń pè ní thyroid, lè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tiẹ̀ kì í sábà sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń bá gbé. Àyẹ̀wò ibà nìkan ò tó. Ẹ ní kí wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó, kí wọ́n wo ṣúgà, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín.

Bí wọ́n bá fẹ́ wọn ìfúnpá, ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má mu kọfí tàbí jẹ obì ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà yín dọ́gba, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí zémijàn, ọ̀kadà akérò, tó sáré na apá sí wọn, nọ́ńbà zémijàn ló máa gbé lọ sílé. Bó bá tó 140 lórí 90 ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Ohun kan ṣì kù. Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ibi iṣẹ́ nìkan, bí eré ọmọ yín ò bá pa yín lẹ́rìn-ín mọ́, bí oúnjẹ ò bá wọlé, tàbí tí ọkàn yín bá ń sọ pé kí ilẹ̀ má tilẹ̀ mọ́ mọ́, ìyẹn ti kúrò ní àárẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má dúró de ìgbà tí ìdánwò bá parí. Ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó bá yín dé ilé ìwòsàn. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Jacquot, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Kútọnu, dẹ́rù bà yín. Ojú tí ará àdúgbò fi ń wo ibẹ̀ kọ́ ni àwọn dókítà ibẹ̀ fi ń wo ẹni tó bá wá. Ẹni tí oorun ti kọ̀ náà ń lọ síbẹ̀, ó sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Vacataire Kan (kò fẹ́ sọ ìlú) · 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú àlàyé, nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìwé dókítà tí Fẹ́mi ń sọ, ẹni tó ń gbowó oṣù ló wà fún. Wákàtí ni wọ́n fi ń sanwó fún àwa vacataire. Wákàtí tí o ò bá dúró níwájú kíláàsì, kò sówó nídìí rẹ̀. Èyí tí o dúró fún gan-an, owó rẹ̀ lè má dé títí ọdún ìwé á fi yí. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń lọ pọ̀, mò ń ti ibì kan sáré dé ibòmíràn, mò ń jẹ gàrí àti ẹ̀pà nínú táksí.

Ká má tan ara wa: ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn kì í ṣe kópì, ìrònú owó ni. Ohun tí àwa mélòó kan ṣe nìyí. A dá èsúsú sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò fi ṣe ẹni tó kàn ló ń kó. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pẹ́ jù ló ń kó ṣáájú, bí owó náà bá dé á dá tiẹ̀ padà. Akápò wa kì í ṣe olùkọ́. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ni, kò mọ ẹni tó jẹ́ dókítà nínú wa, kò sì bìkítà. Ìyẹn ò jẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni láti lọ sọ pé òun ò ní. Èmi gbà á sí ìtọ́jú ara, ẹ má bínú. Ìrìn etí ọ̀sà ò san owó ilé.

Olùkọ́ Ìṣirò (Àjàṣẹ́) · 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àpò ìrẹsì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti lè wúlò.

Ẹ má mú kópì kan kí ẹ kà á láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jókòó kọ ìdáhùn tẹ̀yin fúnra yín sórí ìwé kan, kí ẹ pín máàkì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: èyí 2, èyí 1, èyí ààbọ̀. Ẹ wá mú ìbéèrè àkọ́kọ́, ìyẹn nìkan, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú gbogbo kópì tó wà nínú ìdì kan. Ẹ tún padà sí ìbéèrè kejì. Bó bá ti di kópì bíi kẹẹ̀ẹ́dógún, ojú yín á ti mọ àwọn àṣìṣe tí gbogbo wọn jọ ń ṣe, ẹ ò ní máa ronú mọ́ kí ẹ tó mọ ohun tó yẹ kí ẹ fún un. Ìdájọ́ á sì dọ́gba: ẹni tí ẹ yẹ tirẹ̀ wò lówùúrọ̀ àti ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ebi ń pa yín, ìwọ̀n kan náà lẹ fi wọ̀n wọ́n. Ìdì kan ò gbọdọ̀ ju 25 lọ. Ẹ fi rọ́bà dì í. Bí ìdì kan bá tán, ẹ dìde, ẹ mu omi, ẹ jáde síta kí ojú rí ibi tó jìn. Nígbà tí ẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, ní ìṣẹ́jú 20-20, ẹ gbé ojú kúrò kí ẹ wo nǹkan tó jìn tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ó ń ran ojú lọ́wọ́.

Ẹ gbé àpò yẹn kúrò nínú yàrá. Èyí ò ní àríyànjiyàn nínú. Ibi tí èèyàn ti ń sùn kọ́ ló yẹ kí iṣẹ́ ti máa wò ó lójú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, ibi ìbéèrè gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fún 600 ọmọ ní ìbéèrè alálàyé mẹ́rin, ara rẹ̀ ló fìyà jẹ. Ẹ jẹ́ kí ìdajì jẹ́ ìbéèrè tí wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kan tàbí gbólóhùn kan dáhùn.

Ọmọ Alákétu (Kétu) · 8:05 alẹ́

Mo ti dé. Olùkọ́ Ìṣirò, mo gba ti ìdì àti rọ́bà, n ò gba ti ìbéèrè kúkurú. Ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́. Ọmọ tí kò bá lè kọ ojú ewé méjì kó fi dá ọ̀rọ̀ kan lójú, kí ni mo wá kọ́ ọ? Ohun tí mo ṣe ni pé mo dín iye ìbéèrè kù sí ẹyọ kan, mo sì sọ fún wọn pé ojú ewé kẹta, n ò ní kà á. Wọ́n ti wá ń ronú kí wọ́n tó kọ.

Ti fóònù. Mo pe olórí kíláàsì, mo ní gbogbo ìbéèrè ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó máa gbà, kó kó wọn jọ fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Mo máa ń fi ohùn dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan, á fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wọn. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, fóònù iṣẹ́ kú. (Ẹ rí i pé aago mẹ́jọ ti kọjá. Fóònù tèmi ni mo fi ń kọ èyí.) Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní mo gbéra ga. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ìdáhùn ń dé lọ́jọ́ tí mo dá, ariwo sì rọlẹ̀. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lára wọn, àwọn fúnra wọn ti máa ń dá ara wọn lóhùn kó tó dọ́dọ̀ mi.

Ohun kan tí ẹ ò ní rí nínú ìwé dókítà: mo máa ń lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Kétu nìyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àjàṣẹ́ ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. UNESCO ti kéde rẹ̀ láti 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ ogún ìran ènìyàn ní 2008, ṣùgbọ́n torí ìyẹn kọ́ ni mo ṣe ń lọ. Ní òru èfẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní dókítà. Èfẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń fi orin ṣe yẹ̀yẹ́, á jáde, á kọrin bú olówó, á bú olóṣèlú, ó ti kọrin bú àwọn olùkọ́ níṣojú mi rí, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ó yẹ kí ibì kan wà tí ẹ ti jẹ́ ọmọ ẹnì kan lásán.

Fẹ́mi Wàndó (Àjàṣẹ́) · 8:31 alẹ́

Ìmọ̀ràn fún ẹni tí kò rí oorun sùn: kó lọ wo èfẹ̀ mọ́jú. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ Alákétu.

Ìyá Àbẹ̀ní (Àjàṣẹ́) · 9:50 alẹ́

Ẹ̀rín pa mí, ó ti pẹ́. Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín.

Mo yà ní ilé ìtajà oògùn lọ́nà ilé lónìí, wọ́n wọn ìfúnpá mi: 150 lórí 95. Orí ìdúró ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú táksí ni, nítorí náà mo rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́rú ni n ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ìbéèrè méjì. Obì ni mo fi ń yẹ kópì wò lóru, gbànja, bóun bá tán kọfí. Ṣé kí n jáwọ́ pátápátá? Èkejì: ohùn mi ti ń há láti bí ìgbà díẹ̀, bí kíláàsì bá parí mo máa ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nílé kó lè sinmi. Ṣé ìyẹn náà wà lára rẹ̀?

Àǹtí Ṣadé (Àjàṣẹ́) · 10:04 alẹ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ta ló ń dáná nílé ìyá yìí. Ta ló ń wẹ ọmọ? Ta ló ń bá ọmọ ṣe iṣẹ́ ilé? Ọkọ ní kó gba ìsinmi, ó dáa, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ẹ ní kí ó gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ yín, ìyẹn ló jẹ́ ìsinmi. Ní tèmi, mo bá ọkọ mi jókòó, a kọ gbogbo iṣẹ́ ilé sórí ìwé. Nígbà tó rí gígùn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé báyìí, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta sì di tirẹ̀. Ẹ̀kọ àti àkàrà ló máa ń rà, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju ọbẹ̀ mi lọ.

Nọ́ọ̀sì Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:55 àárọ̀

Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ ṣeun tí ẹ lọ. Orí ìjókòó ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́rú. Bí orí bá ń fọ́ yín gan-an, tí ojú ń ṣú, tí àyà ń dùn yín tàbí tí apá kan ara ń kú, ẹ má dúró de Ọjọ́rú.

Obì àti kọfí, ohun kan náà ló wà nínú wọn, caffeine. Nínú ara ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdajì rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5. Obì tí ẹ jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru. Ẹ sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun náà fẹ́lẹ́. Ẹ má jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí á fọ́ yín. Ẹ dá a dúró sí ọ̀sán, kí ẹ máa dín in kù. Àgbàlagbà nílò oorun tó tó wákàtí 7 ó kéré tán. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí aago tí ẹ ń jí má yí padà, kódà lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì máa tètè lọ sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀.

Ti iyọ̀ náà: magí tí a ń tú sínú ọbẹ̀, iyọ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan, magí wà nínú ìṣirò náà.

Ti ohùn, n ó padà sí i. Àwọn aláìsàn ti tò.

Akọ̀wé Ojú Fèrèsé (Àjàṣẹ́) · 10:20 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ rò pé ẹ̀yin nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Àwa tá a wà lójú fèrèsé, tá a ń gba fáìlì, tá a ń tẹ ìwé ẹ̀rí, a wà níbí kí ẹ tó dé, a ṣì wà níbí nígbà tẹ́ ẹ bá lọ. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó fi nọ́ńbà ránṣẹ́, àwa ni akẹ́kọ̀ọ́ ń bú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo lè bí lọ́mọ ń pè mí ní olè níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ò gba owó. Mo lẹ ìwé kan mọ́ fèrèsé: ìwé ẹ̀rí, àárọ̀, àtúnṣe nọ́ńbà, ọ̀sán. Mo sì máa ń ti fèrèsé náà pa fún oúnjẹ ọ̀sán, mo ń jáde kúrò nínú ọ́fíìsì pátápátá, torí bí wọ́n bá rí mi tí mò ń jẹun wọ́n á kan gíláàsì. Ọ̀gá mi ò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìjà dín kù lójú fèrèsé, ó dákẹ́.

Bàbá Fẹ̀yìntì (Ṣábẹ̀ẹ́) · 11:45 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn mí, mo ní kó bá mi tẹ èsì mi.

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Sùúrù Baba Ìwà ṣe, nítorí mo wà lára àwọn tó ń sọ. Ọdún 1970 ni wọ́n dá yunifásítì ìjọba àkọ́kọ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Benin wa, nígbà tí a ṣì ń jẹ́ Dahomey. Títí di 2001 tí ti Parakou fi dé, òun nìkan ló wà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. A lo àtùpà lóòótọ́ nígbà tí iná bá lọ, ṣùgbọ́n kópì tí àtùpà náà tàn sí kò pọ̀. Kò sí fóònù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè wọ yàrá mi lóru. Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó tì nìyẹn. Ẹ má fi iṣẹ́ tiwa wé tiwọn.

Ẹ sì má sọ pé a ò ráhùn. A ráhùn, ìyàwó wa ló gbọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dúró de ìgbà tí wọ́n á di ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó sinmi, mo mọ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ṣubú kí lẹ́tà ìgbéga wọn tó dé. CAMES ń jókòó lọ́dọọdún, láti 1968 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kò ní sá lọ. Ìyá Àbẹ̀ní, bí fáìlì yín ò bá lọ lọ́dún yìí, á lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Láràárọ̀ mo máa ń rìn dé ìdí àwọn àpáta wa níbí kí oòrùn tó mú. Èmi àti àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko la jọ ń kí ara wa.

Sùúrù Baba Ìwà (Àjàṣẹ́) · 12:10 ọ̀sán

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbọ́ ti iye akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n "ọdún tó ń bọ̀" yẹn, àǹfààní tó yàtọ̀ ló wà nínú owó oṣù olùkọ́ kékeré àti ti àgbà. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta níléèwé ò lè fọwọ́ lẹ́rán. N ò yí èyí padà.

Ọmọ Ìmọ́lẹ̀ (Kétu) · 1:15 ọ̀sán

Kẹ́ ẹ má fi ìyá ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ lọ rí aláfàá tàbí pásítọ̀, kó lọ. Àdúrà ń fi ọkàn balẹ̀, ìyá náà á sì mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Kó ṣáà ti jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn ìfúnpá, kí wọ́n má sì ní kó pa oògùn dókítà tì.

Vacataire Kan · 2:00 ọ̀sán

Bàbá Fẹ̀yìntì ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Rọ́bà, obì, ìrìn àárọ̀, gbogbo rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ 600 fún olùkọ́ kan, kò sí ìrìn àárọ̀ tó lè dín in kù. Ní 1997, UNESCO fọwọ́ sí ìwé àbá kan lórí ipò àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó wà níbẹ̀ pé iṣẹ́ tí a ó gbé lé wọn lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó tọ́ tó sì dọ́gba. Ẹ tẹ ojú ewé náà jáde, kí ẹ gbé e lọ sí ìpàdé ẹ̀ka yín, kí gbogbo yín jọ fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá lọ, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Bí ẹ ò bá rí nǹkan mìíràn gbà, ẹ béèrè fún àwọn tí yóò máa bá yín yẹ kópì wò, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Àwa wà níbí, a ń wá iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Òkè (Ṣábẹ̀ẹ́) · 7:40 alẹ́

Ti ohùn. Ẹ má sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kì í fún ohùn ní ìsinmi, ó tún lè fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi ohùn, ẹ dákẹ́, tàbí kí ẹ rọra sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹ gbé omi dání lọ sí kíláàsì, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀fun tó gbẹ. Bí ohùn bá há kọjá ọ̀sẹ̀ 3, kí dókítà ọ̀fun wò ó. Ẹ má sì fi ohùn lásán bá 600 èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ wá gbohùngbohùn.

Olùkọ́ Ìṣirò (Àjàṣẹ́) · 8:15 alẹ́

Ó ń ṣe mí ní kàyééfì pé a lè máa wá gbohùngbohùn. Èyí tí wọ́n fún ẹ̀ka wa, ìgbà kan ni mo rí i.

Akọ̀wé Ojú Fèrèsé (Àjàṣẹ́) · 8:22 alẹ́

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, lẹ́yìn àga mi, nínú páálí rẹ̀. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì yín, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Kìkì pé ẹ fọwọ́ síwèé kí ẹ tó gbé e, bátìrì inú rẹ̀ ni kí ẹ bá wa dá padà.